Pípààrọ̀ ṣáàfù iwájú àti lọ́ọ̀kì họ́ọ̀bù ọkọ̀ four-wheel: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó pa ti àtijọ́

Ṣáàfù iwájú kì í dédé kán. Ohun kan ló máa ń pa á: epo dífù (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà òsì àti ọ̀tún) tó wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀ tó sì fọ gíríìsì dànù, iyanrìn tó gba ẹ̀yìn nọ́kùlù wọlé, bíárìn tí wọ́n dì tú jù tàbí tí wọ́n dì fún jù, tàbí awakọ̀ tó ṣẹ́ sítíàrì dé ìpẹ̀kun tó sì ń tẹná mọ́ ọn nígbà tí táyà há sínú ẹrẹ̀. Tí ẹ bá yọ èyí tó kán, tí ẹ gbé tuntun síbẹ̀, tí ẹ sì dì í pa láìmọ ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀, ibi tí ti tẹ́lẹ̀ lọ náà ni tuntun ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má fọ ohunkóhun kí wọ́n tó wò ó dáadáa. Àwọ̀ gíríìsì, òórùn epo, ìlà tó wà lára irin, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kẹrosíìnì á dúró dè yín.

Ọkọ̀ tí mò ń bá yín sọ ni èyí tí ilé ṣáàfù iwájú rẹ̀ jẹ́ irin kan gbọọrọ láti táyà dé táyà: Land Cruiser 60, 70 àti 80, àti àwọn Hilux àtijọ́. Ní ìpẹ̀kun ilé ṣáàfù náà ni nọ́kùlù wà, èyí tí táyà fi ń ṣẹ́ kọ́nà, inú rẹ̀ ni Birfield sì wà. Birfield ni oríkèé tó ń jẹ́ kí ṣáàfù máa yí lọ geere bí táyà bá tiẹ̀ ti ṣẹ́. Iṣẹ́ ọpọlọ Alfred Rzeppa ni irú oríkèé bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà nínú kéèjì kan, tí wọ́n ń sáré nínú ojú ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n gbẹ́ sínú irin. Lọ́ọ̀kì họ́ọ̀bù ní tiẹ̀ wà ní góńgó ìta, láàárín táyà, lórí họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí táyà dì mọ́. Tó bá wà ní LOCK, táyà àti ṣáàfù di ọ̀kan. Tó bá wà ní FREE, táyà ń yí lọ, ṣáàfù, dífù àti pọ̀pẹ́là iwájú (ọ̀pá tó ń gbé agbára wá sí dífù) sì lè sinmi. Ilé-iṣẹ́ Warn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, orí irú lọ́ọ̀kì yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe é fún àwọn Jeep tó ṣẹ́kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan ń gbéra lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ṣáàfù rẹ̀ sì wọ rọ́bà, ohun tí mo sọ nípa lọ́ọ̀kì àti bíárìn wúlò fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà yọ ṣáàfù tiyín.

Kí ẹ tó mú sípánà

Ẹ wa ọkọ̀ lọ sórí iyanrìn tàbí ilẹ̀ rírọ̀. Ẹ ti lọ́ọ̀kì méjèèjì, ẹ fi gíà kékeré (ọ̀pá tí a fi ń yan four-wheel) sí 4H, ẹ ṣẹ́ sítíàrì dé ìpẹ̀kun lápá kan, kí ẹ máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, Birfield ẹ̀gbẹ́ yẹn ti jẹ. Ẹ tún un ṣe ní apá kejì.

Lẹ́yìn náà ẹ fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Tó bá ń mì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì tẹ bírékì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Tí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn táyà ló tú. Tí kò bá dáwọ́ dúró, àwọn bíárìn òkè àti ìsàlẹ̀ tí nọ́kùlù fi ń yí ni kí ẹ fura sí. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ ra nǹkan, torí ohun tí ẹ máa rà yàtọ̀ síra.

Ẹ wo ẹ̀yìn nọ́kùlù pẹ̀lú. Gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára irin roboto tí nọ́kùlù ń yí lé lórí kò burú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí nǹkan dúdú tó ṣàn bá ti ń kán sílẹ̀, tó sì ń rùn bí epo gíà, ọ́ìlì sílì inú ti kúrò níṣẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó: wọn á pààrọ̀ sílì, wọn ò ní wo ihò tí dífù fi ń mí. Dífù máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá ti dí ihò ìmí yẹn, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà, á sì ti epo gba ẹnu sílì jáde. Tí dífù tó gbóná bẹ́ẹ̀ bá tún wọ inú odò, á tutù lójijì, á sì fa omi wọlé gba ibi kan náà. Ẹ tú ihò ìmí náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ rí i pé ó là. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun ló sì ń gba sílì tuntun là.

Ohun èlò: sókẹ́ẹ̀tì 54 mm fún nọ́ọ̀tì sípíńdùlù (irin oníhò tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí), píláyà kílíìpù, pọ́ńṣì tí wọ́n fi idẹ ṣe, bóòtù M8 gígùn kan, sípánà tọ́ọ̀kì, ìwọ̀n onísípíríǹgì tí ń fi ìwọ̀n hàn tí a bá fà á, àti àkísà tó pọ̀. Ẹ má ṣe fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù tú nọ́ọ̀tì sípíńdùlù. Àwọn tí wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì lù kì í ṣe é dì dáadáa mọ́, bíárìn ló sì ń jìyà rẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì 54 mm kan á bá yín dọ́jọ́ alẹ́.

Tí ẹ bá ń ra ṣáàfù, Birfield tàbí lọ́ọ̀kì, ẹ ka eyín tó wà lára èyí tí ẹ yọ kí ẹ tó sanwó. Ọkọ̀ méjì lè jọra lójú tí iye eyín wọn ò dọ́gba. Ẹ rántí pé ṣáàfù inú apá òsì àti ti ọ̀tún kì í gùn bákan náà, torí dífù kò sí láàárín gan-an. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì sílì inú, sílì bíárìn táyà, sílì ẹ̀yìn nọ́kùlù àti wáṣà ìdènà tuntun. Kò sí èyí tó yẹ kí ẹ tún lò nínú àwọn àtijọ́.

Títú u

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú. Ẹ fi í sí gíà, ẹ fa háàńdì bírékì, ẹ dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gbé ilé ṣáàfù lé sítáàǹdì irin. Ẹ máa lo òòlù nínú iṣẹ́ yìí, jáàkì nìkan sì lè yẹ̀ lójijì. Ẹ da epo dífù kúrò. Tí epo náà bá ti funfun, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn, ó sì ti sọ apá kan ìtàn náà fún yín.

Ẹ yọ táyà, ẹ tú kálípà bírékì, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi họ́ọ̀sì rẹ̀ rọ̀.

Ẹ yí lọ́ọ̀kì sí FREE, kí ẹ tú bóòtù kéékèèké mẹ́fà tó di ojú rẹ̀ mú. Tí ojú náà bá ṣí, ẹ ó rí orí ṣáàfù láàárín, pẹ̀lú kílíìpù tó dì í mú. Ihò oníṣúkúrúù kan wà lórí ṣáàfù: ẹ yí bóòtù M8 yẹn wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi fa ṣáàfù síta díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kílíìpù ṣe máa ń tú sílẹ̀ kúrò lára ohun tó fún un, tí píláyà á sì rí i mú.

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló di ara lọ́ọ̀kì mọ́ họ́ọ̀bù. Abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wáṣà kan tó rí ṣóńṣó wà, tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ti wọra mọ́ irin. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n á fi ki ṣúkúdiráfà bọ àárín lọ́ọ̀kì àti họ́ọ̀bù kí wọ́n fi tì í. Àpá tí ṣúkúdiráfà bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni omi máa gbà wọlé. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ tú nọ́ọ̀tì náà títí orí rẹ̀ á fi bá orí sítọ́ọ̀dù (bóòtù aláìlórí tí nọ́ọ̀tì náà wà lára rẹ̀) dọ́gba, kí ẹ gbé pọ́ńṣì idẹ lé e, kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára. Wáṣà náà á fò dìde. Tó bá kọ̀, ẹ fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ ara lọ́ọ̀kì yíká, kí ẹ tún padà sí orí sítọ́ọ̀dù. Yóò gbà.

Lẹ́yìn tí lọ́ọ̀kì bá ti jáde, ẹ na eyín wáṣà ìdènà tó ṣẹ́ mọ́ nọ́ọ̀tì, ẹ fi sókẹ́ẹ̀tì 54 tú nọ́ọ̀tì ìta, ẹ yọ wáṣà, ẹ tú nọ́ọ̀tì inú. Ẹ fi ọwọ́ di bíárìn ìta mú kó má bàa já bọ́ sínú iyanrìn, kí ẹ wá fa họ́ọ̀bù àti dísìkì rẹ̀ jáde. Bóòtù mẹ́jọ ló di sípíńdùlù mọ́ nọ́kùlù. Ẹ tú wọn, ẹ fi idẹ gbá sípíńdùlù jẹ́jẹ́ yíká, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́, torí ohun tó wà nínú nọ́kùlù máa dà sílẹ̀.

Lára bẹ́ẹ̀ẹ̀lì Birfield, ìyẹn ara ìta rẹ̀ tó rí bí agogo, ibi kan wà tí wọ́n fá pẹlẹbẹ. Ẹ yí ṣáàfù títí ibi pẹlẹbẹ yẹn á fi kọjú sókè, ìgbà yẹn ló máa tó ráyè gba ẹnu nọ́kùlù kọjá. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e ró bó ṣe ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń sọ

Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí àkísà funfun. Tí gíríìsì inú nọ́kùlù bá ki, tó dúdú, tó ń dán, ara rẹ̀ le. Tó bá ti di ọbẹ̀, epo dífù ló fọ̀ ọ́, Birfield náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ohun tó ń dáàbò bò ó. Tó bá pupa bí ìpẹtà, omi ti gbé ibẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka pa á tí ẹ gbọ́ ṣákaṣàka, iyanrìn wà níbẹ̀, sílì ẹ̀yìn nọ́kùlù ni kí ẹ bi.

Bíárìn táyà tó ti di búlúù, ooru ló pa á: wọ́n dì í fún jù tàbí gíríìsì tán nínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀ (òrùka irin tó ń sáré nínú rẹ̀) lápapọ̀. Bíárìn tuntun nínú agolo àtijọ́ kò ní pẹ́.

Birfield gba kí a dúró tì í. Ẹ fi ṣáàfù inú há fáìsì, kí ẹ fi idẹ lu irin àárín, èyí tó wà láàárín àwọn bọ́ọ̀lù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ẹ̀lì, títí kílíìpù inú á fi jọ̀wọ́ tí méjèèjì á pínyà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú bọ́ọ̀lù kankan. Ẹ tẹ irin àárín lápá kan kí bọ́ọ̀lù kan yọ lókè, ẹ mú un, ẹ tẹ apá mìíràn. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti jáde, ẹ yí kéèjì dúró lórí ẹ̀gbẹ́, yóò bọ́. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ wo àárín fèrèsé kan sí ìkejì lára kéèjì: ibẹ̀ ni ìlà ìsán tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹnu bẹ́ẹ̀ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná yín rìn lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Tí èékánná bá kọ́ nǹkan, tàbí tí ẹ bá rí ihò tíntìntín, ó ti jẹ.

Tó bá sán níbikíbi, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà nìkan ló jẹ díẹ̀, tí owó tuntun ò sì tíì sí, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe. Apá kan ojú ọ̀nà yẹn ló ń gba agbára bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, apá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣiṣẹ́. Ẹ gbé Birfield òsì lọ sí ọ̀tún, kí ti ọ̀tún wá sí òsì, kí ṣáàfù inú kọ̀ọ̀kan sì dúró ní apá tirẹ̀. Apá tí kò tíì jẹ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa gbé yín dé ìgbà tí owó bá dé, n kò gbà á gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tòótọ́.

Tí bíárìn nọ́kùlù bá ti ní àpá tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú agolo, ẹ yọ wọn pẹ̀lú. Ẹ kọ̀wé sára àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ ìbòrí òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí kálukú lè padà sí ipò rẹ̀. Àwọn ló ń mú nọ́kùlù wà láàárín.

Ọ́ìlì sílì inú

Sílì kékeré yìí ló ń ya epo dífù àti gíríìsì nọ́kùlù nípa, ó sì rọrùn láti ba tuntun jẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ rárá. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fọ ilé rẹ̀ mọ́ títí irin á fi dán, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi ìka wá ojú ibi tí sílì ń jókòó sí lára ṣáàfù. Tí kòtò bá ti wà níbẹ̀, kò sí sílì tó máa dí i.

Ẹ lu tuntun wọlé pẹ̀lú ohun tó rí roboto tó sì gba etí rẹ̀ yíká, kó lè wọlé lọ́gbọọgba. Ẹ fi gíríìsì pa ètè rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ti ṣáàfù padà, ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ara lé ètè sílì yẹn rárá. Eyín ṣáàfù mú, wọn á gé rọ́bà láìdún. Ẹ gbé ṣáàfù ró lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ tì í wọlé lọ́gbọọgba, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé eyín rẹ̀ ti bá ti inú dífù pàdé. Ẹ yí i díẹ̀, yóò wọlé ṣinṣin.

Dídì í padà

Gíríìsì tó ní molybdenum disulfide ni Birfield ń fẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ àárín àwọn bọ́ọ̀lù títí yóò fi máa yọ lódì kejì. Lẹ́yìn tí ṣáàfù bá ti jókòó, ẹ fi gíríìsì kan náà kún inú nọ́kùlù dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má kún un dẹ́nu, ooru máa mú un wú. Ẹ gbé sípíńdùlù padà pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Bíárìn táyà ni ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí jù lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gíríìsì wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ títí yóò fi yọ lókè. Lẹ́yìn tí họ́ọ̀bù bá ti wọlé, ẹ dì nọ́ọ̀tì inú. Fún Land Cruiser 80, 59 N·m ni wọ́n ń kọ́kọ́ dì í dé, kí ẹ wá yí họ́ọ̀bù síwá-sẹ́yìn kí bíárìn lè jókòó, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì náà títí ọwọ́ á fi lè yí i, kí ẹ sì tún un dì pẹ̀lú 5.4 N·m péré. Ẹ wá fi ìwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ sítọ́ọ̀dù táyà kan, kí ẹ fà á. Agbára tó máa mú họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí yí gbọ́dọ̀ wà láàárín 28 sí 56 N, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́fà. Tó bá kéré, ẹ dì í díẹ̀ sí i. Tó bá pọ̀, ẹ tú u díẹ̀. Tí ọkọ̀ yín kì í bá ṣe 80, ẹ wo nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Wáṣà ìdènà tuntun ló kàn, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì ìta, 64 N·m lórí 80. Ẹ tún fi ìwọ̀n fa họ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i, torí dídì nọ́ọ̀tì ìta lè fún bíárìn mọ́ra ju bó ṣe wà lọ. Tó bá dára, ẹ ṣẹ́ eyín wáṣà kan sínú, kó di nọ́ọ̀tì inú mú, kí ẹ ṣẹ́ òmíràn síta fún nọ́ọ̀tì ìta.

Lọ́ọ̀kì

Yálà ẹ ra tuntun tàbí ẹ fọ ti àtijọ́, ẹ má ṣe rọ gíríìsì kún inú rẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fẹ́. Gíríìsì tó pọ̀ á gan, irin tó yẹ kó sún síwá-sẹ́yìn á máa lọ́ra, ẹ ó yí i sí LOCK, kò sì ní tì. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀kì tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, gíríìsì gbígbẹ nìkan ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ ná.

Ẹ nu ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí títí kò fi ní sí epo kankan níbẹ̀. Ẹ gbé ara lọ́ọ̀kì sórí sítọ́ọ̀dù, pẹ̀lú wáṣà ṣóńṣó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti nọ́ọ̀tì wọn, kí ẹ dì wọ́n ní ìdojúkọra. Ẹ tún fi bóòtù M8 fa ṣáàfù síta, kí ẹ fi kílíìpù sí i. Ẹ fi orí ṣúkúdiráfà tì í yí nínú ojú ọ̀nà rẹ̀: tó bá ń yí, ó ti jókòó, tí kò bá yí, apá kan ṣì wà lókè.

Ojú lọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà ní FREE kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Lórí lọ́ọ̀kì Aisin tó máa ń wá pẹ̀lú Toyota, ẹ wo àwọn ahọ́n kéékèèké tó yọ lẹ́yìn ojú náà: ibi tí kò ní eyín lára lọ́ọ̀kì ni kí wọ́n kọjú sí. Tí wọ́n bá gun orí eyín, bóòtù á fi ipá tẹ ojú náà, yóò sì là. Àwọn bóòtù mẹ́fà yìí kéré, 10 N·m ti tó wọn.

Kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀

Ẹ da epo gíà tuntun sínú dífù títí dé ẹnu ihò rẹ̀. Bí táyà iwájú méjèèjì ṣì wà lókè, ẹ fi lọ́ọ̀kì sí FREE, kí ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan: pọ̀pẹ́là kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ wá ti méjèèjì, ẹ fi gíà kékeré sí 4H láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí táyà kan. Èkejì gbọ́dọ̀ yí lódìkejì. Tí èkejì bá dúró, lọ́ọ̀kì kan nínú wọn kò tì. Lọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó tì kò sì wúlò fún nǹkan kan, torí ṣáàfù apá tí kò tì ni dífù máa yí lásán, táyà tó tì kò ní ní agbára.

Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ báyìí ní four-wheel lórí ọ̀nà ọ̀dà tó gbẹ. Táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà ní kọ́nà, orí ọ̀dà kò sì sí ibi tí wọ́n ti máa yọ̀ láti fi gba ara wọn sílẹ̀. Birfield ló ń gba gbogbo ìfà yẹn.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tó jìnnà díẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fọwọ́ kan àárín họ́ọ̀bù méjèèjì. Kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Tí ọ̀kan bá gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, tí bírékì ò sì há, bíárìn rẹ̀ ti fún jù. Ẹ tún dán nọ́ọ̀tì mẹ́fà ara lọ́ọ̀kì wò, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń fún, nọ́ọ̀tì á sì tú díẹ̀. Àwọn tó bá tú bẹ́ẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ló ń gé sítọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo abẹ́ nọ́kùlù. Tí epo gíà bá tún wà níbẹ̀, sílì inú ni kí ẹ padà sí: yálà ó jókòó wọ́, tàbí eyín ṣáàfù ti gé ètè rẹ̀.